Ìbà Kí Ọ̀rọ̀ Tó Bẹ̀rẹ̀

Bí èèyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní Owódé, tó gbójú sókè díẹ̀, díìṣì ni yóò rí lórí páànù. Abọ́ ni wọ́n jọ, abọ́ tí ẹnìkan gbé sókè kí wọ́n lè bu nǹkan sí i. Ìlà oòrùn, níbi tí sátẹ́láìtì wà, ni wọ́n kọjú sí. Ṣakẹ́tẹ́ àti Kétu, níbi tí àwọn ìbátan wa ń gbé ní ìhà kejì bọ́dà, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni. Síbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ìlú tó gbé abọ́ sókè, ta ló ń bu nǹkan sí i, ta ni olúwarẹ̀ sì kí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú?

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, itẹ́ òkú, láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́, ti ọmọlanke, ti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ó fi owó láísẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kún un. Ṣùgbọ́n nínú òfin tó to owó orí àti owó ìgbà sílẹ̀ ní 1998, wọ́n fi “àfi” kan síbẹ̀: àfi ti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn àti àwòrán jáde. Ẹ fara balẹ̀ wo “àfi” yẹn. Kànsù lè gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́. Kò gbọdọ̀ bi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan kan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀, Àbújá ló ń dá lóhùn, lọ́dọ̀ àjọ NBC tí òfin ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1992. Rédíò ni o, kébù ni o, sátẹ́láìtì ni o, ibẹ̀ ni láísẹ́ǹsì wọn ti ń wá. Kànsù Gúúsù Yewa tó jókòó sí Ìlaròó, tó ní Owódé lábẹ́, kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Àwọn bàbá wa ti rí èyí tipẹ́. Ní 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà wọlé àwọn èèyàn l'Ékòó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Kébù náà kúkú ni, bí a bá rò ó dáadáa: àpótí kan lára ògiri, wáyà kan tó so ó mọ́ ilé iṣẹ́, owó tí onílé ń san. Orúkọ tí wọ́n fún irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀pọ̀ ń gbọ́ orúkọ náà bí àwàdà. Èmi ń gbọ́ ọ bí ẹjọ́ tí wọ́n rò. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ tí kò dúró gbèsì, bí kì í bá ṣe wèrè, a jẹ́ pé ó ti fi ara rẹ̀ jẹ Kábíyèsí.

Awólọ́wọ̀ rí i ní 1953, nígbà tí Gómìnà Macpherson fi rédíò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wí, tí wọn ò fún òun láyè láti fèsì. Tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní October 31, 1959, èsì náà nìyẹn. Kò pé ogún ọdún tí ológun fi kó o lọ sábẹ́ NTA.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yewa níbí, a ní òfin tó dàgbà ju gbogbo ìyẹn lọ. Lóru Ẹ̀fẹ̀, nígbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ tó fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀ kì í kàn la ẹnu. Yóò kọ́kọ́ júbà: ìbà àwọn ìyá, ìbà ilẹ̀, ìbà àwọn tó ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìjòyè tó jẹ owó ìlú náà kò mórí bọ́. Èyí ni mo fẹ́ kí a rò. Ìbà kì í pa ọlọ́rọ̀ lẹ́nu mọ́. Kò sọ ohun tó máa wí fún un. Ó kàn so ó mọ́ ibi tó dúró sí, kó lè mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, àárín àwọn tó fọ̀rọ̀ kàn lòun náà yóò máa rìn, wọn yóò sì fèsì. Irú láísẹ́ǹsì tí mo fẹ́ kí kànsù máa fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Owó inú rẹ̀ kéré sí ìkíni inú rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ nǹkan tó jọ ọ́ di òfin ní 1984: ìlú tí ilé iṣẹ́ kébù bá fẹ́ wọ̀ lè gbà tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń pa lórí kébù níbẹ̀, ó sì lè ní kó ya ìkànnì sọ́tọ̀ fún ará ìlú, ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọba ìlú. Abẹ́ títì wọn ni wáyà gbà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnìkan yóò ní sátẹ́láìtì kò gbẹ́ títì ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, ojú ọ̀run ló gbà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kọ́ ló ń san owó oṣooṣù, kì í sì í ṣe òun làwọn ọmọ rẹ̀ ń gbàgbé èdè.

Ní August 2019 Àbújá ti bọ́dà pa. Ti Ìdí-Ìrókò kò ṣí títí di April 2022. Ọjà tó wà lójú ọ̀nà yẹn, àpótí ló sọ fún un pé ọ̀nà ti dí. Ìkànnì wo ni ìyá aláta ìbá ti fèsì?

Wọn yóò bi mí pé kànsù wo. Kànsù tí gómìnà ń yan alága rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, tó fi di July 11, 2024 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó ní kí owó rẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀rù náà ń bà mí. Alága lè fi láísẹ́ǹsì di ẹnu ẹni tó ń bú u. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìbà nìkan ni kó gbà: ìkànnì kan fún èdè wa àti ìpàdé ìlú, owó díẹ̀, ẹni tí a lè rí bá wí bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Kó má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀. Bó bá sì kọjá àyè rẹ̀, ó kéré tán a mọ ilé ìyá rẹ̀. Ta ló mọ ilé ìyá Àbújá?

Ọmọkùnrin kan wà lórí páànù bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń yí díìṣì díẹ̀díẹ̀. “Ìyá, ṣé ó ti ń mú?” Obìnrin kan dáhùn láti inú pálọ̀: “Kò tíì mú! Yí i sí ọwọ́ ọ̀tún!” Ó yí i. “Ó ti mú! Má fọwọ́ kàn án mọ́!” Ọmọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.