Ṣé Àrífín Ni Láti Béèrè Ìṣirò Owó Ẹgbẹ́?



Ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹgbẹ́ pọ̀ tí ń dá owó jọ láti sin òkú, láti ran aláìsàn lọ́wọ́, tàbí láti tún àdúgbò ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá jẹ́ akápò, ta ni yóò bi í pé: “Ìyá, èló ló kù?” Àwọn kan ní àrífín ni.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó. Ká sọ pé ẹgbẹ́ kan ní ènìyàn 20. Oníkálukú ń dá 500 fáránkì lóṣù. Lọ́dún kan, ó di 120.000. Wọ́n ná 45.000 fún ìsìnkú, 30.000 fún aláìsàn. Ó yẹ kí 45.000 kù. Bí kò bá sí ìwé, tí ìyá akápò sì kú lójijì, àwọn ọmọ rẹ̀ lè rò pé owó ìyá wọn ni. Ẹgbẹ́ yóò wá pe òkú ní olè. Ẹni tí kò jí nǹkan kan ni yóò gba orúkọ burúkú.

Ẹnìkan lè ní: “Àwọn bàbá wa kò mọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n dá èésú.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń san owó èésú, ẹni tí ó kàn a sì gbé e lọ. Ojú ni ìwé wọn. Owó tí ó ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan ń fẹ́ ìwé.

Ní 2010, ICC Services wó ní ilẹ̀ wa. Ó ti ṣèlérí èrè ńlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì pàdánù owó wọn. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ní 1991, àjọ CARE bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àwọn obìnrin ní Maradi, ní ilẹ̀ Niger tí ó bá wa pààlà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tàn ká Áfíríkà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àpótí owó ní àgádágodo mẹ́ta, ẹni mẹ́ta ló mú kọ́kọ́rọ́. Lójú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń ka owó. Bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n fẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ra kàyé kan. Ẹ kọ ọjọ́, owó tí ó wọlé, owó tí ó jáde, àti èyí tí ó kù. Ẹ kà á sókè ní ìpàdé. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ ka owó wa.” Èyí kì í ṣe àrífín. Orúkọ ìyá ni ẹ ń bá a ṣọ́.