Ife Kejì



Ọ̀nà jíjìn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí ti wá. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, mo wọ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé àlejò àtayébáyé tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ryokan. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láàárín wọn. Ọ̀kan tí ó wà ní Yamanashi, Keiunkan, ni ìtàn sọ pé a dá sílẹ̀ ní ọdún 705.

Bí ẹ bá dé irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó ti bọ́ bàtà yín. A ó mú yín lọ sí yàrá tí a tẹ́ ẹní nínípọn sí, tábìlì kúkúrú kan yóò wà láàárín, bóyá ni ẹ ó fi rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Obìnrin tí ń tọ́jú àlejò yóò wọlé, yóò kúnlẹ̀, yóò sì po tíì fún yín. Kì í ṣe irú tiwa o, tí a ń da mílíìkì àti ṣúgà sí títí a kò fi mọ adùn ewé náà mọ́. Àwa tí a tilẹ̀ ń pe kòkó ní tíì! Tíì tiwọn ní àwọ̀ ewé, nítorí bí wọ́n bá ti já ewé náà ni wọ́n ń fi ooru omi híhó sè é, kí ó má baà di dúdú. Wọn kì í da omi tí ń hó lọ́wọ́ sí i, nítorí yóò korò ju bí ó ti yẹ lọ. Wọn a jẹ́ kí omi náà rọ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ẹni tí ń po ó ní láti dúró de omi, kí ó sì tún dúró de ewé.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, èmi kò dúró de ohunkóhun. Mo gbé ife náà, mo sì dà á mu lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí ń lo oògùn ibà, ojú mi sì wà lára ìwé ètò ìrìn-àjò mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò wí nǹkan kan. Ó rọra bu òmíràn fún mi. Ojú tì mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ife kejì mú, nítorí kò ní ìdìmú, mo sì gbọ́ òórùn rẹ̀, bí ti koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó korò díẹ̀ lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni adùn kan tẹ̀lé e. Adùn náà ti wà nínú ife àkọ́kọ́.

Takayama Ukon mọ èyí jù mí lọ. Ìjòyè ni, Kátólíìkì ni, ọ̀dọ̀ Sen no Rikyu tí ó kú ní 1591 ni ó sì ti kọ́ ìlànà tíì. Ẹnu ọ̀nà ilé tíì ìgbà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí olúkúlùkù ní láti tẹríba kí ó tó wọlé, jagunjagun a sì fi idà rẹ̀ sílẹ̀ lóde. João Rodrigues, ará Ẹgbẹ́ Jésù tí ó gbé ilẹ̀ náà, kọ ọ́ pé inú ilé kékeré bẹ́ẹ̀ ni Ukon a máa lọ láti fi ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ní 1587 ó yàn láti pàdánù ilẹ̀ àti oyè rẹ̀ dípò kí ó sẹ́ Krístì. A lé e lọ sí Manila ní 1614, ó sì kú níbẹ̀ ní 1615. Ní 2017 ni Ìjọ kéde rẹ̀ ní Ẹni Ìbùkún ní Osaka.

Mo lè bá yín wí nísinsìnyí nípa àwa tí a ń gba Ara Olúwa tán tí a ti dé ìta kí àlùfáà tó súre. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní oṣù tí ó ṣáájú ìrìn-àjò mi, ẹnìkan nínú yín wá bá mi ní ilé àlùfáà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ń wo aago ògiri. Mo súre fún un, mo sì sìn ín jáde. Ó dúpẹ́. Láti ìgbà náà, n kò rí i níbi Mísà mọ́. Bí ẹni náà bá ń ka ìwé yìí, tàbí bí aládùúgbò rẹ̀ bá lè kà á fún un: mo bẹ̀ yín, ẹ padà wá. Mo wà nílé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti gbé aago náà kúrò ní yàrá yẹn.