Ọkọ àti Aya Lè Túká: Ọmọ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń sọ ní kọ̀rọ̀ ní Ìkòyí yìí. Bí ọkọ àti aya bá kọ ara wọn, ta ni yóò bọ́ ọmọ, ta ni yóò sì máa rí i?

Àwọn baba wa ní ti baba ni ọmọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé a lè ní oko kòkó kí a má ro ó, kí a wá dé nígbà ìkórè? Baba tí kò san owó ilé-ìwé, tó wá yọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ, kí ló fẹ́ gbà?

Ẹ jẹ́ ká má dá ọkùnrin nìkan lẹ́bi o. Baba mìíràn ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, síbẹ̀ wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti gbà, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, bí agbára wọn bá ti mọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ náà. Nítorí náà, owó oúnjẹ kì í ṣe owó bodè tí baba ń san kó tó rí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kì í ṣe ohun ìdógò lọ́wọ́ ìyá. Bí ẹnì kan bá kùnà, kí ẹnì kejì má torí ẹ̀ fìyà jẹ ọmọ. Àgbà ìdílé wà, kóòtù náà wà.

Baba, bọ́ ọmọ rẹ. Ìyá, ṣílẹ̀kùn. Kí Olúwa tún ilé wa ṣe. Àmín.