Ṣé Ẹni Tó Ta Kámẹ́rà Jẹ Wá Ní Fíìmù?

Bí ènìyàn bá ta àtùpà fún wa, ṣé dandan ni kó máa ta epo fún wa títí láé? Ní ọdún 2008, Polaroid, tí fọ́tò kámẹ́rà rẹ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀, kéde pé òun kò ní ṣe fíìmù mọ́. Kámẹ́rà àwọn oníbàárà kò bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n láìsí fíìmù, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí àpótí lásán?

Àwọn kan á ní ẹni tí kò jèrè kò lè máa ṣọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iléeṣẹ́ ṣì jẹ gbèsè kan: kí ó má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ bá iṣẹ́ náà lọ. Ní ìlú Enschede, ní Netherlands, àwọn kan ra ẹ̀rọ tó kù, wọ́n sì kó lára àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ mọ́ra. Ní 2010, fíìmù tún dé ọjà. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò dára tó ti tẹ́lẹ̀. Bí fọ́tò bá ti ń jáde, kíá ni kí o bò ó kí ìmọ́lẹ̀ má baà bà á jẹ́. Fọ́tò mẹ́jọ ló wà nínú páálí kan, dípò mẹ́wàá.

Èmi ì bá gba mẹ́jọ náà tayọ̀tayọ̀.