TA NI YÓÒ RU ẸRÙ ẸLẸ́WỌ̀N?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan ni mo gbé wá lóṣù yìí. Bí adájọ́ bá ju ènìyàn sẹ́wọ̀n, ọrùn ta ni ẹrù rẹ̀ wà? Ṣé ìjọba kékeré tí ó ti ṣẹ̀ ni, àbí ìjọba ńlá tí ó ni òfin?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó pín sí káúntì 58, tí a lè fi wé ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Tẹ́lẹ̀, àtìmọ́lé káúntì wà fún ẹni tí ń retí ìdájọ́ àti ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá wúwo, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Ìpínlẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ.

Ẹni tí ẹlòmíràn ń bá sanwó kì í ná ọjà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kọ́ fún nǹkan bí 80,000 ènìyàn wá gba ìlọ́po méjì iye náà. Wọ́n to ibùsùn sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá, níbi tí ènìyàn 200 lè máa gbé. Ènìyàn 54 lè máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn aláìsàn kú ikú tí ìtọ́jú ìbá dá dúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ dín àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà kù.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, òfin tuntun ní kí ọ̀pọ̀ ẹni tí kò hùwà ipá, tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò sì jẹ mọ́ ìbálòpọ̀, máa ṣẹ̀wọ̀n ní káúntì. Ìpínlẹ̀ ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mo rí òdodo nínú èyí. Ìlú tí ń ké pé kí a ju ènìyàn sẹ́wọ̀n yẹ kí ó mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Ẹni tí ó wà nítòsí ilé rẹ̀, ìyá rẹ̀ lè bẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n àtìmọ́lé tí wọ́n kọ́ fún oṣù díẹ̀ wá gba ẹni tí yóò lo ju ọdún 5 lọ. Òmíràn kò ní àyè tí ènìyàn lè ti rí oòrùn dáadáa. Bí a bá gbé ẹrù kúrò lórí àgbà ká gbé e lé ọmọdé lórí, ẹrù kò tíì fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ní 2023, àtúnṣe òfin Nàìjíríà gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣòfin lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n, èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan tẹ́lẹ̀.

Kí ni ká ṣe? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ ṣeé pín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá rò pé ó ti jẹun lọ́dọ̀ ìyá, tí ìyá rò pé ó ti jẹun lọ́dọ̀ bàbá, ebi ni yóò sùn. A lè pín iṣẹ́, a lè pín owó. Ìdáhùn fún ẹ̀mí ènìyàn kò ṣeé pín. Ìjọba méjèèjì ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí a da àmáànà. Àmín.