Ìpara Mọ́mì
Bíbélì kíkà: Ẹ́sítérì 2:12, 4:16

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin mi nínú Olúwa, nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n, ṣùkù àgbàdo la máa ń pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ. Lónìí, ọmọ ọdún 8 ti pa ọmọlangidi tì. Iwájú dígí ló wà, tó ń kun àtíkè àti ìpara. Ẹ má tíì nà án o. Eré ìyá náà ló ṣì ń ṣe. Ìyá tó ń fara wé ló yí padà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ọmọ-ọmọ mi bi mí pé, “Màmá, ìgbà wo lèmi náà máa pupa bíi mọ́mì?” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn.

Èmi kò bá ọ̀ṣọ́ jà. Osùn àti àdí ni wọ́n fi pa wá lára. Ẹ́sítérì pàápàá lo oṣù 12 nínú òróró òjíá àti òórùn dídùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikú dojú kọ àwọn ènìyàn rẹ̀, ààwẹ̀ ọjọ́ 3 ló gbà kí ó tó lọ bá ọba.

Ìpara tí a fi ń bóra ńkọ́? Mẹ́kúrì tó wà nínú òmíràn ń ba kíndìnrín jẹ́, awọ ọmọdé sì fẹ́lẹ́. Ní ọdún 2023, NAFDAC kéde pé ọ̀rọ̀ ìbóra ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá ọmọ yìí gbé ìgò kan jáde. A jọ jókòó, a ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí èsì.