Àáké Tí Ó Yẹ Kí Ó Yí Kárí

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun. Abu Dawud gbà á wá pé ará Mọdínà kan wá tọrọ lọ́dọ̀ Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì bá a ta aṣọ àti ife rẹ̀ ní dírámù 2: ọ̀kan fún oúnjẹ ẹbí rẹ̀, ọ̀kan fún àáké tí yóò fi ṣẹ́gi tà. Lẹ́yìn ọjọ́ 15, ó ti rí dírámù 10.

Irú àáké bẹ́ẹ̀ ni owó tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ń yá oníṣòwò kékeré láìgba èlé. Èéṣe tí àpò náà fi ń gbẹ? Àwa olówó ń yára dáwó kọ́ ilé nítorí pé ojú ń rí ilé. Owó tí ń yí láti ọwọ́ dé ọwọ́ kò gba orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwa tí a yá owó náà sì ń wí pé, “Owó ẹ̀sìn ni.” Èlé ni Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀, gbèsè kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di sààrà.

Ẹni tí ara ń ni, Alukuraani (2:280) ní kí a mú sùúrù fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní in lọ́wọ́, tí ó ń fònídónìí, fọ̀ladọ́la, alábòsí ni: àáké ẹlòmíràn ni ó gbé pamọ́.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùmú-àdéhùn-ṣẹ. Àmín.